Ẹ̀yìn Tó Ṣẹ́ Kọ́ Ló Pa Á

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e mì, ẹ̀bi rẹ̀ kò ní kúrò lọ́rùn wa. Nítorí náà, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Kò pẹ́ tí a lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ọ̀kadà ni ó ń gùn jẹun. Bọ́ọ̀sì kan ló gbá a ní ìdájí ọjọ́ kan, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́ ní ọ̀gangan àyà. Ó lo oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, wọ́n dá a padà sílé, ó sì tún lo oṣù mọ́kànlá lórí ibùsùn kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ní ọjọ́ fídáù náà, wọ́n pa màlúù, wọ́n ta àtíbàbà mẹ́ta, ìrẹsì ń rú èéfín nínú kúlà ńláńlá, aṣọ ẹbí sì pé ọrùn. Ẹgbẹ́ wa kò gbẹ́yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni a dá owó tí a fi bá àwọn ẹbí ra ìdajì màlúù yẹn.

Ààfáà tó ṣe wáàsí sọ pé ẹ̀yìn tó ṣẹ́ ni ikú gbà wọlé tọ ọmọ náà, pé bí Ọlọ́hun ti kọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo wa ṣe àmín. Ìyá olóògbé ló sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè gbàgbé. Nígbà tí a kúnlẹ̀ tí a ní, "Ìyá, ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́hun yóò dáwọ́ ibi dúró," ó wò wá lójú, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti jinná tipẹ́. Egbò ìdí rẹ̀ ni kò jinná."

A délé, a ṣí fáìlì ẹgbẹ́. Ìwé ìyá yìí wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ikú ọmọ rẹ̀ ni ó ti ní kí ẹnì kan bá òun kọ ọ́, pé kí ẹgbẹ́ ran òun lọ́wọ́ ra fóòmù kan tó nípọn, àti rọ́bà ìtọ̀ tí yóò tó ọmọ òun lò fún oṣù mẹ́ta. Lábẹ́ ìwé náà, akọ̀wé wa kọ ọ́ pé: "A ó gbé e yẹ̀wò ní ìpàdé tó ń bọ̀." Ìpàdé mẹ́sàn-án ti kọjá lẹ́yìn èyí. A kò gbé e yẹ̀wò rárá. Owó fóòmù náà kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí a kó lé màlúù.

Ohun tí a fẹ́ sọ láìfepo-bọyọ̀ nìyí: ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣẹ́ ẹ̀yìn ọmọ náà, ṣùgbọ́n àìbìkítà ló pa á, ọwọ́ wa sì wà nínú àìbìkítà náà. Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara gbọgbẹ́, tí Ọlọ́hun sì yọ kúrò lọ́wọ́ ikú ní ọjọ́ ìjàǹbá, ni àìsàn mìíràn tó ń tọ ọgbẹ́ náà lẹ́yìn máa ń pa. Egbò ni, ìtọ̀ ni, kíndìnrín ni, òtútù àyà ni, ẹ̀jẹ̀ tó dì ni. A ó pè wọ́n ní àìsàn àtẹ̀lé. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá fara gbọgbẹ́ fi ìlọ́po méjì sí márùn-ún súnmọ́ ikú àìtọ́jọ́ ju ẹlòmíràn lọ, àti pé ní àwọn ilẹ̀ tálákà ni èyí ti burú jù. Wọ́n tún fi yé wa pé púpọ̀ nínú àìsàn àtẹ̀lé yìí ló ṣeé dènà. Bí ohun kan bá ṣeé dènà tí a kò dènà rẹ̀, kí ni a ó sọ lọ́jọ́ ìṣirò?

Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ara

Nínú eegun ẹ̀yìn ni okùn kan wà tó rọ̀, tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá, tí kò sì nípọn ju ọmọńdinrín ọwọ́ lọ. Ọ̀nà ni okùn yìí jẹ́. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ń gbà rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ pé kí ó rìn. Ibẹ̀ náà ni ara ń gbà ránṣẹ́ padà sí ọpọlọ pé ó gbóná, ó ń dùn mí, ìtọ̀ ti kún. Bí okùn náà bá já tàbí tí eegun fún un mọ́lẹ̀, iṣẹ́ kò kọjá mọ́, lọ́nà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rírìn nìkan ló sọnù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀lára awọ lọ pẹ̀lú rẹ̀, agbára láti mọ ìgbà tí ìtọ̀ kún lọ, agbára láti yàgbẹ́ nígbà tó bá wu ènìyàn lọ, bí ọgbẹ́ náà bá sì wà lókè, agbára láti wúkọ́ kí ikọ́ kúrò láyà náà dín kù.

Ẹ wo ara yín bí ẹ bá sùn. Ẹni tí ara rẹ̀ pé kì í sùn bí igi. Yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò fa ẹsẹ̀ kan ká, láìmọ̀. Bí a bá jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì níbi wáàsí, ìdí á máa dùn wá, a ó sún díẹ̀. Ìdùn yẹn àánú Ọlọ́hun ni. Ẹni tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ já kò ní in mọ́. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí ẹnì kan yóò fi yí i. Eegun ìdí ń tẹ awọ láti inú, bẹ́ẹ̀dì ń tì í láti ìta, awọ àti ẹran há sí àárín, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, kíkú ni yóò kú. Wákàtí díẹ̀ ti tó.

Báyìí ni egbò ìdùbúlẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní bẹ́dísọ̀. Ìdí ni, ìbàdí ni, gìgísẹ̀ ni, éjìká ni. Lára òyìnbó, ojú ibẹ̀ á pọ́n. Lára wa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè gbóná lọ́wọ́, ó lè le tàbí kó rọ̀ jù. Ẹni tó bá ń dúró de pípọ́n kò ní rí i. Nígbà tí awọ yóò bá fi bó, ẹran abẹ́ rẹ̀ ti lè jẹrà dé eegun. Kòkòrò àrùn á wọ ibẹ̀, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó di ikú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé egbò lásán ni, kí ó rántí Christopher Reeve, òṣèré Amẹ́ríkà tó ṣe Superman nínú sinimá. Ẹṣin ló gbé e ṣubú ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, kò lè mí láìsí ẹ̀rọ. Ó lówó, ó ní dókítà, ó ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú egbò ìdùbúlẹ̀ kan tí àrùn wọ̀ lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ dúró, ó sì kú ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, egbò yìí kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré. Èkejì, ẹni tí kò lè fi imú ara rẹ̀ mí yìí lo ju ọdún mẹ́sàn-án lọ láyé lẹ́yìn ìjàǹbá, nítorí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tiwa tó ń mí fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, kò lò ju oṣù mẹ́rìnlá lọ.

Ẹni Tó Fi Aago Ṣe Oògùn

Àwọn kan yóò ní, "Ìyẹn Amẹ́ríkà. Kí ni tálákà lè ṣe?" A ó sọ ìtàn kan fún wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn sójà tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ ni kò pẹ́ tí wọ́n fi kú, egbò àti ìtọ̀ ló sì ń pa wọ́n. Àwọn dókítà pàápàá ti gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 1944, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tó sá fún Hitler kúrò ní Jámánì ní ọdún 1939, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní oògùn tó ń so okùn ẹ̀yìn tó já. Títí di òní olónìí, kò sí ẹni tó ní in. Ohun tó ṣe ni pé ó pàṣẹ kí wọ́n máa yí gbogbo aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án lóru. Ó ní kí wọ́n máa fa ìtọ̀ wọn pẹ̀lú ìmọ́tótó. Ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n ṣeré ìdárayá. Àwọn tí ayé ti kà mọ́ òkú kò kú mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́rìndínlógún nínú wọn wà lórí àga onítáyà, wọ́n ń ta ọfà ìdíje. Eré ọjọ́ náà ló dàgbà di Paralympics tí gbogbo ayé ń wò lónìí.

Kí ni ọkùnrin yìí lò? Aago, ọwọ́ ènìyàn, omi, ọṣẹ àti ìpinnu. Èwo nínú rẹ̀ ni kò sí ní àdúgbò wa?

Ìtọ̀, Ooru àti Orí Fífọ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìtọ̀, bí ó tilẹ̀ ń ti àwọn kan lójú. Nígbà tí ọpọlọ kò bá lè pàṣẹ fún àpò ìtọ̀ mọ́, ìtọ̀ á kún, kò ní jáde tán, á máa padà sókè bá kíndìnrín. Ìtọ̀ tó pẹ́ nínú àpò ni kòkòrò àrùn ń gbé. Nígbà kan rí, ní àwọn ilẹ̀ tó ti lajú pàápàá, kíndìnrín tó bàjẹ́ ló ń pa jù nínú àwọn tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó dín in kù ni pé wọ́n kọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ láti máa fi rọ́bà tó mọ́ fa ìtọ̀ ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Rọ́bà kan ni wọ́n á fi sára aláìsàn, kò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dí. Aláìsàn á máa fi omi mímu du ara rẹ̀ nítorí pé ìtọ̀ ń ti í lójú, ìtọ̀ á sì ki, á máa rùn. Bí òtútù bá mú un tó ń gbọ̀n, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á tún ra òmíràn. Kò sí ẹni tó wo àpò ìtọ̀ kí ó rí i pé ìtọ̀ náà ti dà bí omi ògì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ooru. Ìwà wa ni pé ibi tó bá rọ, kí a fi omi gbígbóná jó o, kí a fi òrí pa á. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é yóò pariwo bí omi bá ti gbóná jù. Ẹni tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ já kò ní pariwo. Ẹni tó ń jó o kò ní mọ̀ títí awọ yóò fi bó mọ́ aṣọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná ju èkejì lọ, wọ́n á ní kí wọ́n fi ọwọ́ ra á. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí a bá ń ra á, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já kúrò lọ bá ẹ̀dọ̀fóró, kí ènìyàn sì kú lójú ẹsẹ̀. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni à ń gbé e lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà láti àyà sókè, orí lè ṣàdédé máa fọ́ ọ bí ẹni pé yóò là, òógùn á bo ojú àti ọrùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè lójijì. Ohun tó ń fà á jù ni àpò ìtọ̀ tó kún, rọ́bà ìtọ̀ tó ká tàbí tó dí, tàbí ìgbẹ́ líle tó há sí ìdí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ lè bẹ́ níbẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí a gbé e jókòó kíákíá, kí a tú aṣọ àti bẹ́líìtì tó fún un, kí a tú rọ́bà tó ká, kí a jẹ́ kí ìtọ̀ jáde, bí kò bá sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ni a máa ń ṣe? A ó ní ayé ti ń ta á lọ́fà. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, èyí tó burú jù lọ, a ó wá ránṣẹ́ pe ààfáà. A kò ní kí ẹ má ṣàdúà o. A ní kí ẹ gbé e jókòó, kí ẹ tú rọ́bà, kí ẹ sì máa ṣàdúà bí ẹ ti ń ṣe é.

Ṣé Kádàrá Ni?

Àwọn tí yóò bá wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, a sì mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n á ní kádàrá ni. Àwa náà gba kádàrá gbọ́, òpó kan ni nínú ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ ilẹ̀ Ṣáámù, tí Káléèfà Umar ń lọ síbẹ̀, tó sì gbọ́ nípa àrùn náà lójú ọ̀nà, ṣé ó ní kádàrá ni, kó wọ inú rẹ̀ lọ? Ó yí padà. Nígbà tí Abu Ubayda bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun, ó jẹ́ kó yé e pé láti inú kádàrá kan ni òun ń lọ sínú kádàrá mìíràn. Ẹni tó bá yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì ń ṣe bí Umar ti ṣe. Ẹni tó fi í sílẹ̀ tó jẹrà, tó wá ń pe Ọlọ́hun lẹ́jọ́, irọ́ ni ó ń pa mọ́ Ọlọ́hun.

Àwọn mìíràn á ní ìwòsàn pátápátá ni àwọn ń wá. A mọ ẹbí kan tó ta ilẹ̀ láti gbé ọmọ wọn kiri láti ìlú dé ìlú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun àti àwọn tó ń ṣèlérí iṣẹ́ ìyanu. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin ni ọmọ náà ń jókòó lórí ìjókòó ọkọ̀ tó le, láìsí ẹni tó gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Gbogbo ìrìn-àjò tí wọ́n fi wá ìwòsàn ló ń dá kún egbò. Wọ́n ń wá ohun tó sọnù, wọ́n sì ń sọ èyí tó kù nù.

Àwọn kẹta á ní owó kò sí. Ẹ jẹ́ kí a kà á. Kí a yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ó bá ń jókòó, kí ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè tàbí kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kò ná an ní nǹkan kan. Kí a fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má bàa kan bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí kò wọ́n wa. Kí a fi díńgí wo ìdí àti gìgísẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, díńgí wà nílé. Kí aṣọ ìbùsùn gbẹ kó sì tẹ́ dáadáa, kí ara rẹ̀ má ṣe tutù fún ìtọ̀. Kí a máa na oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n má bàa ká gbagidi. Kí ó jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, nítorí ara tí ebi ń pa kò lè di egbò. Ibi tó bá ti ń dúdú, kí a má fi ọwọ́ ra á, kí a má sì gbé e lé tíúbù táyà bí àwọn kan ti ń ṣe. Kí a kàn gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi padà bọ̀ sípò. Ohun tó kù tó gba owó, fóòmù tó nípọn, tìmùtìmù àga, rọ́bà ìtọ̀, ẹgbẹ́ tó lè dá owó màlúù lálẹ́ ọjọ́ kan lè rà á.

Àwọn Ìyá, Àwọn Ọ̀dọ́ àti Mọ́sálásí

Ìyá olóògbé yẹn ń jí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lóru fún oṣù mọ́kànlá gbáko. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bọ́ wọn. Láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí ìrun Àsárì ni ọmọ náà ń dùbúlẹ̀ lójú kan. Ibẹ̀ ni egbò ti wọlé. Ẹ má sì sọ pé ìyá náà ni kò ṣe tó. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Wákàtí méjì-méjì lójúmọ́ jẹ́ ìgbà méjìlá. Bí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rìnlélógún bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti wọlé, kí ó kí aláìsàn, kí ó yí i padà, kí ó wo awọ rẹ̀, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ọkùnrin ṣe é fún ọkùnrin, kí obìnrin ṣe é fún obìnrin, kí ìtìjú ẹnikẹ́ni má bàa tú. Ẹ ń ṣètò ẹni tí yóò ṣọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà níbi àpèjẹ Màólúdì. Ẹ lè ṣètò èyí náà.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lé àwọn ará wa yìí kúrò ní mọ́sálásí, pé rọ́bà ìtọ̀ wà lára wọn. Ta ló kọ́ wọn? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi yé Imran ọmọ Husayn tí ara rẹ̀ kò yá pé ẹni tí kò lè dúró kírun lè jókòó, ẹni tí kò lè jókòó lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń jáde láìní ìdarí ní ìrọ̀rùn tirẹ̀ nínú òfin ẹ̀sìn. Kí ó bi ààfáà tó mọ fíkíhì, kí ó má bi aládùúgbò tó ń fín imú. Bí dókítà bá sì ní kí ó má gbààwẹ̀ nítorí kíndìnrín rẹ̀, ìrọ̀rùn wà fún aláìsàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a lé sínú yàrá ni yóò dùbúlẹ̀ jù, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ jù ni egbò àti òtútù àyà ń rí mú, ìbànújẹ́ á sì gba ọkàn rẹ̀ títí kò fi ní bìkítà bóyá wọ́n yí òun tàbí wọn kò yí òun.

Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí yín. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀? Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka yíyan àwọn akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àga onítáyà lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Sìmẹ́ńtì àpò mélòó ni yóò ṣe ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ kan? A fi máàbù sí ògiri, a fi ẹ̀rọ amúlétutù sí àjà, a sì fi arákùnrin wa sí ìta.

Àwọn ilé ìwòsàn náà kò lè bọ́ nínú ẹ̀bi. Ilé ìwòsàn tó dá ọmọ yìí padà sílé kò kọ́ ìyá rẹ̀ ju "Màmá, ẹ máa yí i" lọ. Wọn kò sọ iye ìgbà, wọn kò fi bí wọ́n ti ń fa ìtọ̀ hàn án, wọn kò sọ àmì ewu kan. A mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò tó, pé iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wákàtí kan tí wọn ì bá fi kọ́ ìyá náà ì bá dín iṣẹ́ tiwọn náà kù, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún gbé ọmọ náà padà wá nítorí egbò. Ìjọba ńkọ́? Òfin ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2022 dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Kí àwọn olórí wa tó ń bá ìjọba jẹun bi wọ́n léèrè: rọ́bà ìtọ̀ àti ìtọ́jú egbò wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí?

Ohun Tí A Ń Béèrè

Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo ẹgbẹ́ Mùsùlùmí. Èkíní, kí a máa ka ìwé àwọn alààyè tó ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ ní ìpàdé kí a tó dá owó fídáù ẹnikẹ́ni. Èkejì, kí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara gbọgbẹ́ ní àdúgbò sílẹ̀, kí wọ́n sì pín wákàtí láàárín ara wọn. Ẹ̀kẹta, nígbàkigbà tí ilé ìwòsàn bá fẹ́ dá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ padà sílé, kí ènìyàn méjì láti ọ̀dọ̀ wa bá ẹbí lọ, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì yóò fi kọ́ wọn. Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo mọ́sálásí wa, àti níbi àlùwàlá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bínú sí ohun tí a kọ yìí, kí ó bínú. Kí ó kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó ń dùbúlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, kí ó bi í pé, "Ìgbà wo ni wọ́n yí ọ kẹ́yìn?" Lẹ́yìn náà, kí ó wá bá wa jà.

Ní ti ìyá yẹn, a ti padà lọ bá a. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a sọ fún un pé a rí ìwé rẹ̀, pé a kò ṣe ohun tó yẹ. Kò bú wa. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé rọ́bà ìtọ̀ méjì jáde tí a kò tíì tú nínú ọ̀rá, èyí tó fi owó ọjà rẹ̀ rà ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó ní, "Ẹ mú un lọ fún ẹni tó bá kàn." A mú un dání jáde. Ilé kẹta sí ilé rẹ̀ ni ó kàn.

Kí Ọlọ́hun forí jin olóògbé, kí Ó tu ìyá rẹ̀ nínú, kí Ó sì jẹ́ kí ọwọ́ tiwa náà gbọ́ràn. Àmín.